Ibùdó Wo Ni Ká Gbé Ọkọ̀ Wa Sí ní Amsterdam?

ÌBÉÈRÈ

Lọ́ńdọ̀nù la ń gbé: èmi, ọkọ mi, àwọn ìbejì wa ọmọ ọdún 9, àti ìyá ọkọ mi tí wọ́n ti lé ní 70 ọdún. Orúnkún ń dun ìyá, wọn kò lè rìn jìnnà. A ti háyà mọ́tóhóòmù kan tó gùn tó mítà 7 fún ọlidé àwọn ọmọ nínú oṣù kẹjọ, Amsterdam la sì fẹ́ gbé e lọ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ọkọ mi ní Camping Zeeburg sún mọ́ àárín ìlú lórí máàpù, pé ibẹ̀ ni ká lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Gaasper Camping ló dáa, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ó jìnnà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní kí la fẹ́ fowó ṣòfò sí, pé ká wá ẹ̀gbẹ́ títì kan páàkì sí, ká sì sùn síbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, èwo ni ká mú? Kí ló sì yẹ ká béèrè ká tó sanwó?

Èmi ni, Ìyá Ìbejì, Lọ́ńdọ̀nù.

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìmúra àjò o. Inú mi dùn pé ẹ ò ní fi ìyá sílẹ̀ nílé, àwọn gan-an ni màá sì fi dá yín lóhùn: Gaasper Camping ni kí ẹ mú. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Nínú ilé tiyín, orúnkún ń dun àgbà, àwọn ọmọ méjì sì wà tí oorun á máa gbé lọ bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ẹni tí yóò kọ́kọ́ rẹ̀ nínú yín ni kí ẹ fi yan ibùdó, kì í ṣe máàpù.

Ẹ jẹ́ ká tètè yanjú ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ yín. Òfin ìlú Amsterdam kò gbà kí èèyàn sùn sínú ọkọ̀ lójú títì. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlú lè kan ilẹ̀kùn yín lóru, kí wọ́n sì bu owó ìtanràn lé yín. Owó páàkì ojú títì ní àárín ìlú pàápàá wọ́n gan-an, òrùlé àwọn ibi ìgbọ́kọ̀sí alájà sì rẹlẹ̀ jù fún ọkọ̀ gíga bíi tiyín. Ẹ ṣáà sanwó ibùdó, kí ọkàn yín balẹ̀.

Òótọ́ lọkọ yín sọ nípa Zeeburg. Erékùṣù Zeeburgereiland ló wà, ní ìhà ìlà-oòrùn ìlú. Tí ẹ bá wọ tíráàmù nọ́ńbà 26 ní ibùdókọ̀ Zuiderzeeweg, bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ ó fi dé Centraal Station, ibùdókọ̀ rélùwéè àárín ìlú. Ó ń ṣí jálẹ̀ ọdún, èyí sì dára fún ẹni tó bá ń lọ nígbà òtútù. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ ló pọ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú àgọ́ àti kẹ̀kẹ́ wọn, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í tètè sùn. Títì ńlá A10 tó yí ìlú ká tún ń kọjá nítòsí. Bó bá jẹ́ tọkọtaya ọ̀dọ́ méjì tó gbé kẹ̀kẹ́ dání ló bi mí, Zeeburg ni ǹ bá sọ.

Ẹ lè gbọ́ orúkọ Vliegenbos náà, ní Amsterdam-Noord. Igi yí i ká, ara sì ń tuni níbẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi tó ń sọdá odò IJ lọ sí ẹ̀yìn Centraal Station kì í gbowó lọ́wọ́ ẹlẹ́sẹ̀. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ bọ́ọ̀sì tàbí gun kẹ̀kẹ́ kí ẹ tó dé etí omi, kí ẹ tún wọ ọkọ̀ ojú omi, kí ẹ tún rìn. Fún ẹni tí orúnkún ń dùn, ìyà ni gbogbo wíwọ̀ àti sísọ̀ wọ̀nyẹn.

Gaasper ńkọ́? Ó wà ní Zuidoost, ní gúúsù ìlà-oòrùn ìlú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún Gaasperplas, nínú pápá ìgbafẹ́ tí wọ́n lò fún ìpàtẹ òdòdó Floriade ní ọdún 1982. Àyè ìṣeré ò ní wọ́n àwọn ìbejì, ìyá náà á sì rí ibi tí wọ́n ti lè na ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó jìnnà sí ìlú ju Zeeburg lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni rélùwéè mẹ́tírò nọ́ńbà 53 parí sí, bí ogún ìṣẹ́jú ló sì fi ń dé Centraal Station.

Àjò kì í dùn kónílé má relé, nítorí náà ẹ jẹ́ ká wo bí ẹ ó ṣe padà sílé lálẹ́. Ká ní ẹ ti wọkọ̀ ojú omi yí ìlú ká, àwọn ọmọ ti sáré títí, òjò sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ́. Ní Centraal Station, lífítì á gbé ìyá sọ̀ kalẹ̀ lọ sídìí rélùwéè. Ibẹ̀ ni nọ́ńbà 53 ti ń gbéra, nítorí náà àyè ìjókòó kì í sábà ṣòro rí. Yóò gba Nieuwmarkt, Waterlooplein àti Amstel kọjá, ẹ ò sì ní pààrọ̀ ọkọ̀ rárá. Bí gbogbo yín bá tilẹ̀ sùn lọ, ẹ ò lè sọdá ilé, torí Gaasperplas ni rélùwéè náà ń dúró sí pátápátá. Ìrìn díẹ̀ ló kù sí ẹnu ọ̀nà ibùdó. Ohun tí mo fi yàn án fún yín nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ náà wà níbẹ̀. Láti ọdún 2021, ẹ ò lè kó ẹran tàbí ohun tí a fi wàrà ṣe láti Ìlú Ọba wọ ilẹ̀ àjọ Yúróòpù, bó tiẹ̀ jẹ́ ọbẹ̀ ẹlẹ́ran tí ẹ ti sè. Wọ́n gba ẹja láàyè dé 20 kílò, gàrí àti èlùbọ́ náà kò ní wàhálà. Ẹ má dààmú nípa ẹran àti ata. Àwọn ará Gánà àti Suriname pọ̀ ní Zuidoost, ẹ ó sì rí iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹran rà ní ìsọ̀ wọn. Ata Suriname tí wọ́n ń pè ní Madame Jeanette, ọmọ ìyá ata rodo ni, ó sì ta dáadáa.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi àwọn ará ibùdó ní ohun mẹ́rin.

Àkọ́kọ́, áḿpù mélòó ni iná wọn? Fọ́ltì 230 ni wọ́n ń lò. Bó bá jẹ́ áḿpù 6, gbogbo ohun tí iná náà lè gbé kò ju 1,380 wáàtì lọ, nígbà tí kẹ́tùlù tí à ń lò ní Ìlú Ọba sábà máa ń gba 3,000. Tí ìyá bá ní kí ẹ bá àwọn gbé omi tíì kaná, iná á já lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, fìríìjì náà á sì kú. Áḿpù 10 pàápàá kò tó o. Gáàsì ọkọ̀ ni kí ẹ máa fi se omi.

Ìkejì, ṣé ilẹ̀ líle ni wọ́n á fún yín àbí koríko? Ọkọ̀ tó wúwo bẹ́ẹ̀ máa ń rì sínú koríko tó ti mu omi, òjò sì ń rọ̀ ní Nẹ́dálándì nínú ẹ̀rùn pàápàá.

Ìkẹta, báwo ni ilé ìwẹ̀ ṣe jìnnà tó? Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ibi tó sún mọ́ ọn nítorí ìyá, ṣùgbọ́n kó má ṣe kàn án tímọ́tímọ́, torí ẹsẹ̀ kì í dá níbẹ̀ lóru. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń da ìgbẹ́ ọkọ̀ àti omi ìdọ̀tí nù pẹ̀lú.

Ìkẹrin, aago mélòó ni wọ́n ń gbàlejò? Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú omi alẹ́ láti Harwich sí Hoek van Holland, àárọ̀ lẹ ó gúnlẹ̀, Amsterdam kò sì ju bíi wákàtí kan lọ sí ibẹ̀, nítorí náà ẹ lè dé kí àkókò ìgbàlejò wọn tó tó.

Ẹ wo ìwé ìwakọ̀ yín náà. Ẹni tó yege ìdánwò ìwakọ̀ ní Ìlú Ọba láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1997, 3,500 kílò ni òfin gbà á láyè kí ọkọ̀ rẹ̀ wúwo mọ, pẹ̀lú èèyàn àti ẹrù inú rẹ̀, àfi tó bá ní àfikún àṣẹ. Ní ti ọkọ̀ mẹ́tírò, káàdì báńkì lẹ ó fi kan ẹ̀rọ nígbà tí ẹ bá ń wọlé àti nígbà tí ẹ bá ń jáde, ẹnì kan káàdì kan. Fún àwọn ìbejì, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan tí GVB, iléeṣẹ́ ọkọ̀ èrò ìlú Amsterdam, ń tà fún ọmọ ọdún 4 sí 11.

Bó bá jẹ́ páàsìpọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni ìyá ń lò, wọ́n gbọ́dọ̀ gba físà Schengen, ìwé tí ibùdó bá fi ránṣẹ́ sì wúlò láti fi hàn pé ẹ ní ibi tí ẹ ó sùn. Ẹ rí i pé orúkọ wọn wà nínú rẹ̀. Ibùdó máa ń tètè kún nínú oṣù kẹjọ, nítorí náà ẹ kọ̀wé sí Gaasper lọ́sẹ̀ yìí. Bí wọ́n bá ní àyè ti tán, ẹ mú Zeeburg, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n fún igun tó jìnnà sí àwọn alágọ̀ọ́.

Ẹ ó lọ ire, ẹ ó bọ̀ ire. Ẹ bá mi kí ìyá dáadáa.