Bí A Ṣe Ń Ya Alhambra: Ẹ̀kọ́ Ìyàwòrán Láti Ìlú Granada

 

Àwọn kan nínú wa máa ń sọ pé, "Kí la tún ń kọ́ ìyàwòrán sí? Ṣebí fóònù wà." Nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, èmi àti áńtí mi tó ń gbé ní Madrid lọ sí Granada, ní gúúsù orílẹ̀-èdè Sípéènì. Fọ́tò tí mo yà lé ní ọgọ́rùn-ún. Àwòrán mẹ́fà péré ni mo fọwọ́ yà, àmọ́ àwọn mẹ́fà yẹn ni mo lè ṣàlàyé láì tún wò wọ́n.

Ààfin Alhambra wà lórí òkè. Àwọn ọba Mùsùlùmí ìdílé Nasrid ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1238. Ní 1492 ni ìlú náà bọ́ sọ́wọ́ Ferdinand àti Isabella. Inú èdè Lárúbáwá ni orúkọ rẹ̀ ti wá. "Pupa" ló túmọ̀ sí.

Bí ẹ ṣe máa yà á nìyí:

1. Ẹ lọ sí Mirador de San Nicolás ní àdúgbò Albaicín, tó dojú kọ ààfin náà. Ẹ débẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, torí ìgbà yẹn ni ògiri máa ń pọ́n dáadáa.

2. Ẹ má tíì ya fèrèsé. Ẹ kọ́kọ́ ya nǹkan ńlá mẹ́ta: òkè Sierra Nevada lẹ́yìn, ààfin láàárín, igi nísàlẹ̀.

3. Ẹ fún ojú pọ̀ díẹ̀. Ibi tó bá ṣókùnkùn ni kí ẹ fi pẹ́ńsù kùn. Òjìji ló ń jẹ́ kí ògiri dìde lórí ìwé.

4. Nínú ààfin, èrò pọ̀, kò sáyè láti jókòó pẹ́. Bátànì kan ṣoṣo ni kí ẹ yà. Fún ìràwọ̀ onígun mẹ́jọ, ẹ ya onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba. Ẹ ya òmíràn tó tóbi bákan náà lé e lórí, kí àárín wọn bára mu, àmọ́ kí ẹ yí i ní dígírì 45. Ìṣirò tí a ń sá fún nìyẹn o!

Àwọn tó lọ ilé kéú á rí ohun kà lára ògiri: "Kò sí aṣẹ́gun àfi Allāhu."

Ìrìn-àjò: Ẹ tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wákàtí tí ẹ máa wọ ààfin Nasrid wà lára rẹ̀. Tí ó bá kọjá, ó parí nìyẹn. Ẹ mú páásípọ́ọ̀tù dání. Òkúta ni wọ́n fi tẹ́ ọ̀nà Albaicín, ó sì dagun, torí náà ẹ wọ bàtà pẹlẹbẹ.

Oúnjẹ: Nǹkan bí aago méjì ni wọ́n ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán. Ní ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ níbẹ̀, tí ẹ bá ra ohun mímu, wọ́n á gbé oúnjẹ kékeré tì í lọ́fẹ̀ẹ́. Tapas ni wọ́n ń pè é. Tortilla jẹ́ ẹyin àti pòtétò, ó ń yóni dáadáa. Gazpacho dà bí ata lílọ̀ tí a kò sè, tútù ni wọ́n ń mu ún. Ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, kó ṣọ́ra fún jamón, torí inú oúnjẹ púpọ̀ ló ń wà.

Lọ́la, nígbà ìsinmi ráńpẹ́, ẹ jókòó síwájú gbọ̀ngàn ilé-ìwé wa fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ̀lú pẹ́ńsù, láìsí kílínà. Ẹ ya á, kí ẹ mú un wá fún Ẹgbẹ́ Akọ̀ròyìn. A máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibí yìí.