Bí A Ṣe Ń Fi Mítà Wá Ibi Tí Iná Ti Gé

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, bí ohun tí ẹ fi ọwọ́ ara yín tò kò bá ṣiṣẹ́, ẹ má tíì yọ ohunkóhun sọnù. Ọmọ kíláàsì wa kan fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa tan gílóòbù. Ó fa wáyà láti ojú ìtẹ̀wé oníhò 25 tí ó máa ń wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà àtijọ́, ó fi resistor ohm 2,200 sí i, ó gbé e lọ sí ẹsẹ̀ base transistor BC547, kí ó lè máa ṣí iná bátìrì volt 12 fún relay. A tan án, relay kò dún. Ó pààrọ̀ transistor lẹ́ẹ̀mẹta, owó oúnjẹ rẹ̀ ni ó sì fi ń rà á. Ó wá fẹ́ yọ resistor kúrò kí iná lè pọ̀ sí i. Ibẹ̀ ni mo ti dá a dúró, nítorí ìyẹn lè ba ojú kọ̀ǹpútà náà jẹ́, òun nìkan ni a sì ní.

Ó gbé mítà. Ihò 2 fún un ní volt 5, bátìrì fún un ní 12. “Ẹ wò ó, sà, iná wà níbi gbogbo!”

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ọwọ́ dúdú mítà. Nígbà tí ó ń wọn ihò 2, ihò 18, tí í ṣe ilẹ̀ kọ̀ǹpútà, ni ó fi í sí. Nígbà tí ó kan bátìrì, ó gbé e lọ sí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì. Volt kì í dá wà lójú kan, ìyàtọ̀ àárín ojú méjì ni. Mo ní kí ó fi ọwọ́ dúdú sí ẹsẹ̀ emitter, kí ó má ṣí i mọ́. Base: òdo. Collector: 12. Transistor tí iná wọ base rẹ̀ yẹ kí ó fi nǹkan bíi 0.7 hàn níbẹ̀, kí collector sì wálẹ̀ sún mọ́ òdo.

A pa gbogbo rẹ̀, a tú bátìrì (ẹ má fi mítà sí ohm nígbà tí iná ṣì wà lára iṣẹ́, ó lè bà á jẹ́). A yí mítà sí ibi tí ó ń han, ọwọ́ kan lórí wáyà ihò 18, èkejì lórí emitter. Kò han. Kò sí ohun tí ó so ilẹ̀ kọ̀ǹpútà mọ́ ilẹ̀ bátìrì, nítorí náà iná kò rí ọ̀nà padà.

Wáyà kan tí kò gùn ju ìka lọ ni a fi líìdì jó síbẹ̀. Kí a tó tan án, a yẹ diode ẹ̀gbẹ́ relay wò: ìlà rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sí pọ́sítíìfù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ transistor mìíràn á tún jóná. Base fi 0.7 hàn, relay sì dún káà.

A wá fi mítà wọn transistor mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó ti yọ. Kò sí ohun tí ó ṣe ọ̀kankan nínú wọn.