A Kì Í Ti Kóòtù Bọ̀ Ká Ṣọ̀rẹ́

Kò sí àgbàlagbà kan ní Oko-Akarè, tàbí ní gbogbo ilẹ̀ Adja-Ouèrè ní Bẹ̀nẹ̀, tí kò mọ ibi tí òwe yìí ń lọ, nítorí náà n kò ní fi àlàyé rẹ̀ dá ẹnikẹ́ni dúró. Ohun tí ó mú mi gbé kálámù ni ìlòkulò tí wọ́n lò ó lójú mi, nígbà tí àwọn àgbà ẹbí kan jókòó yí ọmọ wọn ká, ọmọ tí ó lọ ṣiṣẹ́ lójú irin, tí ọkọ̀ ẹrù méjì sì há ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ́ àárín níbi tí ó ti ń so wọ́n pọ̀. Aṣojú ilé iṣẹ́ náà mú owó díẹ̀ wá, ó sì mú ìwé kan tí a fi èdè Faransé kọ wá, ìwé tí ẹnikẹ́ni kò kà sókè, tí ẹnikẹ́ni kò sì túmọ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ náà wúre, ó pa òwe náà, gbogbo ilé ṣe àmín. Ọmọ sì fi àtàǹpàkò ọwọ́ òsì tẹ ìwé, nítorí pé ọ̀tún tí ì bá fi tẹ̀ ẹ́ wà nínú báńdéèjì títí dé ìgbọ̀nwọ́. Inú bí mi débi pé n kò dúró jẹ obì tí wọ́n pa.

Ọ̀rẹ́ wo gan-an ni a ń bẹ̀rù kí ó má bàjẹ́? Àwọn tí ó kọ́kọ́ pa òwe yìí ń bá tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí ń jà sí oko bàbá wọn wí, wọ́n ń bá tọkọtaya àti aládùúgbò wí, àwọn tí wọn yóò tún pàdé lọ́jà, tí wọn yóò sì jọ sin òkú. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ kì í ṣe ọmọ ìyá ẹnikẹ́ni. Kí ó tó rán ènìyàn wá bẹ̀ wá pé kí a má lọ sí kóòtù, òun fúnra rẹ̀ ti kọ́kọ́ lọ bá agbẹjọ́rò, ẹni náà ni ó sì bá a kọ ìwé tí a tẹ̀ka sí.

Owó tí wọ́n nà sí ọmọ náà bí ẹni ń ṣàánú, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, bóyá kò tilẹ̀ tó ìdá kan nínú ẹ̀tọ́ náà. Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, agbanisíṣẹ́ ní láti máa san owó sí àpò CNSS, àjọ ètò ààbò òṣìṣẹ́, nítorí ìjàǹbá ẹnu iṣẹ́, láti orí ìdá 1 títí dé ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́, kò sì gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ rẹ̀ lára òṣìṣẹ́. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ó ní láti fi tó CNSS létí láàárín wákàtí 48. Bí àáwọ̀ bá sì wà láàárín òun àti òṣìṣẹ́, ọ̀dọ̀ inspẹ́kítọ̀ iṣẹ́ ni a kọ́kọ́ ń lọ, kí ó gbìyànjú láti parí rẹ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí, kí ọ̀ràn tó dé iwájú adájọ́. Òfin fúnra rẹ̀ ti bọ̀wọ̀ fún òwe wa. Àwa ni a fẹ́ bọ̀wọ̀ fún un kọjá ààlà.

Òwe náà kò tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo: a lè bá ọ̀gá jà, kí a sì tún padà bá a ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún 1947 ni àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin ilẹ̀ Faransé ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà daṣẹ́ sílẹ̀, àwọn ará Dàhòmì, ìyẹn Bẹ̀nẹ̀ òní, sì wà lára wọn. Ó di ọjọ́ 19 oṣù kẹta ọdún 1948 kí ìjà náà tó parí. Nígbà tí ó parí, ọwọ́ kan náà ni ó padà sídìí irin kan náà, lábẹ́ àwọn ọ̀gá kan náà, ọkọ̀ sì ń rìn.

Ẹ sì wo Amẹ́ríkà, níbi tí òfin ọdún 1908 ti là á sílẹ̀ pé òṣìṣẹ́ ojú irin tí ó fara pa lè pe ilé iṣẹ́ lẹ́jọ́, àti pé bí òun náà bá ní ẹ̀bi tirẹ̀, ìwọ̀n ẹ̀bi náà ni a ó yọ nínú owó rẹ̀, a kò ní torí rẹ̀ gba gbogbo rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin rí i pé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ta kókó, wọ́n sì ń júwe agbẹjọ́rò tí ó mọ̀ ọ́n fún ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá fara pa. Ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò ìpínlẹ̀ Virginia fẹ́ dá wọn lẹ́kun, ṣùgbọ́n ní ọdún 1964 ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá àwọn òṣìṣẹ́ láre. Ọgbọ́n ńlá ni èyí, nítorí pé agbẹjọ́rò mìíràn wà tí yóò jẹ owó aláìsàn tán kí egbò rẹ̀ tó jinná. Ẹni tí ó ti ṣe ẹjọ́ irú rẹ̀ rí ni ó yẹ kí a wá, kí a sì bi í ní iye tí yóò gbà kí ó tó fọwọ́ kan ìwé.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ máa pa òwe yín láàárín ọmọ ìyá, ibẹ̀ ni ó ti dára. Ṣùgbọ́n bí irin bá ṣe ọmọ yín léṣe, ẹ gba ìwé dókítà, ẹ kọ orúkọ àwọn tí ó ṣojú wọn sílẹ̀, ẹ tọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti inspẹ́kítọ̀ lọ, ẹ má sì jẹ́ kí ó tẹ̀ka sí ìwé kankan tí agbẹjọ́rò tirẹ̀ kò tíì kà.