Láàárín Ìnákúnàá àti Ahun: Owó Oṣù Wa Nínú Rọmọdáànì

 

Ẹ̀kọ́ òní wà fún àwọn ọ̀dọ́ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, àti fún àwọn òbí tí wọ́n jọ ń jókòó síbi ìṣínu. A ti kọ́ bí a ṣe ń kírun, a mọ ohun tó ń ba àáwẹ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wa ni wọ́n pè jókòó láti kọ́ bí a ṣe ń ná owó oṣù àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀ Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti jẹ́ ká mọ̀ pé ìbéèrè méjì ni owó yóò mú wá lọ́jọ́ ìdájọ́: ibo la ti rí i, kí la sì ná an sí?

Ohun tí Al-Kùránì fi kọ́ wa

Nínú Súrà Al-Furqān, ẹsẹ 67, Ọlọ́hun ka ọ̀nà ìnáwó mọ́ ìwà àwọn ẹrúsìn Rẹ̀: wọn kì í ná ìnákúnàá, wọn kì í sì í ṣahun, àárín méjèèjì ni wọ́n máa ń wà. Nínú Súrà Al-Isrā, ẹsẹ 26 sí 29, Ó pàṣẹ kí a fún ẹbí, aláìní àti arìnrìn-àjò ní ẹ̀tọ́ wọn, Ó sì kìlọ̀ fún àwọn àpà. Ẹ kíyè sí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tò: ẹ̀tọ́ àwọn èèyàn ló ṣáájú, ìkìlọ̀ ló tẹ̀lé e. A kò ṣọ́ owó ná kí owó lè pọ̀ lásán. À ń ṣọ́ ọ ná kí ohun tí a ó fi ṣe ẹ̀tọ́ lè wà lọ́wọ́ wa.

Oṣù tó yẹ kí ìnáwó dínkù

Ẹni tó ń ra oúnjẹ ọ̀sán £7 níbi iṣẹ́, tó sì fi ogún ọjọ́ iṣẹ́ gbààwẹ̀, £140 ló yẹ kó ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nínú ilé púpọ̀, owó oúnjẹ ń gòkè sí i ni: ìṣínu oríṣi mẹ́fà, ohun mímu lóríṣiríṣi, oúnjẹ tí a pè wá sílé nítorí ó ti rẹ̀ wá, àti èyí tó bàjẹ́ tí a dà nù lọ́jọ́ kejì. Nínú Súrà Al-A'rāf, ẹsẹ 31, Ọlọ́hun yọ̀ǹda jíjẹ àti mímu fún wa, Ó sì kọ àṣejù. Ẹ wo àkọsílẹ̀ báńkì yín ti oṣù tó kọjá àti ti oṣù yìí. Níbo ni £140 yẹn wọlé sí?

Ẹ pín in kí ẹ tó ná an

Nídìí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí mò ń ṣe, a kì í dúró dìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́ ká tó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́. Ẹ̀rọ ló ń ṣe é fúnra rẹ̀ lóru. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún owó. Ẹ ṣe standing order ní báńkì, kí owó ìpamọ́ máa kúrò lọ́jọ́ tí owó oṣù bá wọlé gan-an. Ẹni tó ń dúró de ohun tó máa ṣẹ́ kù lópin oṣù kì í sábà rí nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹnì kan tó ń mú £2,100 lọ sílé lóṣù ṣe àpẹẹrẹ. Owó ilé, iná, council tax àti ọkọ̀ gba £1,250. Oúnjẹ gba £250. Ó fi £150 ránṣẹ́ sílé, ó yọ £50 fún sàráà, ó fi £200 pamọ́, ó wá ku £200 fún aṣọ, fóònù àti ìgbádùn. Ohun tí kò lè ṣe aláìní lóṣù jẹ́ £1,500. Bó bá fẹ́ ní ti oṣù mẹ́ta nípamọ́, nítorí iṣẹ́ lè bọ́, £4,500 nìyẹn. Pẹ̀lú £200 lóṣù, kò ní tó ọdún méjì tí yóò fi pé.

Ẹ má sì sáré yọ ara yín kúrò nínú owó ìfẹ̀yìntì níbi iṣẹ́. Ẹni tó ti pé ọdún 22, tó sì ń gbà ju £10,000 lọ́dún, ọ̀gá iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó kéré tán, ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tí òfin ń kà ló ń wọlé síbẹ̀, ọ̀gá iṣẹ́ yóò sì san ó kéré tán 3 nínú rẹ̀. Ẹni tó bá jáde ti fi ìyẹn sílẹ̀. Ohun tó yẹ ká béèrè ni ibi tí wọ́n ń fi owó náà ṣòwò. Nest, fún àpẹẹrẹ, ní àpò kan tó tẹ̀lé òfin Sharia. Àwọn ilé iṣẹ́ míì náà ní in. Ẹ̀yin lẹ máa béèrè kí wọ́n tó gbé owó yín síbẹ̀.

Gbèsè àti èlé

Ànábì máa ń béèrè bóyá òkú jẹ gbèsè kí ó tó kírun sí i lára. Gbèsè kì í ṣe ohun eré, ká má tíì sọ èyí tó ní ríbà nínú. Ọ̀pọ̀ báńkì níbí ń gba nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún lórí overdraft. Ẹni tó bá fi £500 gbèsè sílẹ̀ níbẹ̀ fún ọdún kan, èlé rẹ̀ sún mọ́ £200. Credit card tí a kò san tán lóṣù ń bí èlé bákan náà. Àwìn orí íntánẹ́ẹ̀tì tí a ń san ní ẹ̀ẹ̀mẹta lè má ní èlé, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ bá yẹ̀, owó ìtanràn lè dé.

Àwọn baba wa ní ọ̀nà tó dára ju èyí lọ. Bí èèyàn mẹ́wàá bá ń dá èsúsù £100 lóṣù, ẹnì kan ń kó £1,000 láìsí èlé kankan. Àwọn ará Trinidad ṣì ń pè é ní susu títí dòní. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ kó ti di onígbèsè àwọn yòókù, nítorí náà ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì ní ẹlẹ́rìí. Ẹsẹ 282 nínú Súrà Al-Baqarah, tó gùn jù nínú Al-Kùránì, lórí kíkọ gbèsè sílẹ̀ ni.

Ilé, àríyá àti sàká

Owó tí à ń fi ránṣẹ́ sí òbí, ẹ̀tọ́ ni. Aṣọ ẹbí ẹlẹ́ẹ̀kẹrin láàárín oṣù méjì kì í ṣe ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ilé bá pè, tí kò sì sí lọ́wọ́, Súrà Al-Isrā, ẹsẹ 28, ti kọ́ wa: ká fi ọ̀rọ̀ tútù dá wọn lóhùn. Ó sàn ju ká lọ yá owó elélé. Ẹ̀yin òbí náà, ẹ bá wa jẹ́ kí ọmọ lè sọ pé "Mọ́mì, kò sí lóṣù yìí" láìsí ẹ̀rù.

Ẹ rántí pé owó ìpamọ́ náà ń jẹ sàká. Òṣùwọ̀n rẹ̀ ni iye gíráàmù 85 wúrà tàbí gíráàmù 595 fàdákà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ Lèmọ́mù èyí tí mọ́sálásí yín ń lò. Bí £4,500 bá ti kọjá òṣùwọ̀n náà, tó sì pé ọdún òṣùpá kan lọ́wọ́ yín, £112.50 ni ẹ ó yọ.

Ohun tí a ó ṣe kí ó tó di ọdún ìtúnu

1. Ẹ kọ gbogbo ìnáwó ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀, títí kan èyí tó kéré jù.
2. Ẹ kọ gbogbo gbèsè yín, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í san èyí tó ní èlé ṣáájú.
3. Ẹ ṣe standing order, bó ṣe £20 péré.
4. Níbi ìṣínu, ẹ bi ara yín: kí ni a lè dá dúró nínú ilé yìí tí kò ní pa ẹnikẹ́ni lára?

Kí Ọlọ́hun fi haláálì tó wa, kí Ó gbà wá lọ́wọ́ gbèsè, kí Ó sì fi ìbùkún sí èyí tó wà lọ́wọ́ wa. Àmín.