"Le" Kọ́ Ni "Fún": Ọ̀rọ̀ Tó Yẹ Lẹ́nu Ẹni Tó Ń Tún Tọ́ọ̀pù Ṣe

Àwọn onílééìtì Òṣogbo àti Iléṣà, tó ń tún tọ́ọ̀pù (orí ẹ́ńjìnnì) ṣe, kì í wá orúkọ Yorùbá fún fáàfù, gáìdì (ihò tí fáàfù ń gbà lọ bọ̀) àti síìtì (ojú tí fáàfù ń jókòó lé), mi ò sì rí ìdí tí a ó fi dá wọn lágara pẹ̀lú orúkọ tuntun. Àyálò tó ti di onílé ni wọ́n. Ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń dùn mí. Tiwa ni, a ò yá a lọ́wọ́ ẹnì kankan, síbẹ̀ òun là ń ṣì lò. Òṣogbo ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Nigeria Machine Tools sílẹ̀ sí ní 1980, kí ó lè máa ṣe ẹ̀rọ tó ń gé irin. Nírú ìlú bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ẹnu wa lè sọ bí irin ṣe wọ irin.

"Ọ̀gá, gáìdì tó le ni kí ẹ bá mi fi sí i." Awakọ̀ tó fẹ́ kí ọkọ̀ òun máa fi agbára gun òkè ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ ló sọ bẹ́ẹ̀. Kí ló ń bèèrè? Ṣé irin tí kò ní tètè jẹ ni, àbí gáìdì tí kò ní jẹ́ kí fáàfù máa mì? Bí a bá ní nǹkan le tàbí ó rọ̀, ara nǹkan náà fúnra rẹ̀ là ń wí. Ìdí nìyí tí a fi ń kí ara wa pé ṣé ara le. Ṣùgbọ́n "fún" àti "dẹ̀" ń sọ̀rọ̀ nípa àyè tó wà láàárín nǹkan méjì. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀ ti ráyè nìyẹn. Bàtà lè fún ẹsẹ̀ pinpin kí awọ rẹ̀ sì rọ̀ bí òwú. Lóòótọ́, a máa ń ní ìbẹ́pẹ dẹ̀, tó jẹ́ pé rírọ̀ là ń wí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ìyẹn mọ sọ́dọ̀ èso.

Ẹ wá wo ohun tí àṣìlò yìí ń fà. Gáìdì káàsì (irin dídà) le, ó sì máa ń tọ́jọ́. Idẹ rọ̀ jù ú lọ, àmọ́ ó tètè ń gbé ooru kúrò lára fáàfù, ó sì gbà kí gáìdì fún díẹ̀ sí i láìjẹ́ pé ọ́ìlì pọ̀ níbẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì eré ìje fi fẹ́ràn rẹ̀. Gáìdì tó rọ̀ tó sì fún ni awakọ̀ wa ń wá. "Tó le" tó sọ lè mú káàsì wá fún un.

"Fún" tún yàtọ̀ sí "há". Ohun tó fún ṣì ń rìn. Ohun tó há ti dúró, bí egungun tó há ènìyàn lọ́fun. Àyè tí a sábà máa ń fi sílẹ̀ nínú gáìdì fún fáàfù tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé kò ju bíi 0.02 sí 0.05 mìlímítà lọ. Èyí tó ń tú èéfín jáde ń fẹ́ díẹ̀ sí i, torí pé ó ń gbóná jù, irin tó bá sì gbóná a máa wú. Dín àyè yẹn kù ju bó ṣe yẹ lọ, yóò há. Bí ó bá dẹ̀ jù, fáàfù á máa fì, ọ́ìlì á máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, èéfín á sì máa yọ bí ẹ bá ti ń sítáàtì. Nígbà náà la máa ń ní ẹ́ńjìnnì ń jẹ ọ́ìlì. Bẹ́ẹ̀ náà ni "gáìdì ti jẹ" àti "fáàfù ti jó": ẹ má fi ọ̀kan rọ́pò ìkejì, nítorí ìwọ̀nyí kì í ṣe àrùn kan náà.

Ọ̀dọ̀ síìtì ni "le" ti rí ipò rẹ̀. Láyé ọjọ́un, òjé inú bẹntiróòlù máa ń bo ojú síìtì, kò jẹ́ kí ó tètè jẹ. Ilẹ̀ Áfíríkà ní gúúsù Sàhárà fòpin sí epo olójèé ní ìbẹ̀rẹ̀ 2006. Láti 2023 tí owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù ti kúrò ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ti ń yí sí gáàsì CNG, tó gbẹ ju bẹntiróòlù lọ. Síìtì tó rọ̀ kì í pẹ́ jẹ lábẹ́ rẹ̀, fáàfù á sì máa rì wọnú tọ́ọ̀pù. Ẹni tó bá fẹ́ lo gáàsì, síìtì líle ni kó bèèrè.

A tún máa ń gbọ́ pé fáàfù kò jókòó. Ọ̀rọ̀ yẹn dára, ẹ má pààrọ̀ rẹ̀. Ìjẹ̀ṣà tó fún wa ní Òṣómàáló, ẹni tó ń lóṣòó de owó rẹ̀, mọ̀ pé ẹni tó lóṣòó kò tíì jókòó. Fáàfù tó ń lóṣòó, tí etí rẹ̀ kan ojú síìtì lápá kan tí apá kejì sì ṣófo, yóò máa jó, torí pé ojú síìtì yẹn ni èyí tó pọ̀ jù nínú ooru rẹ̀ ń gbà jáde.

Ẹ̀yin awakọ̀ àti ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, mo bẹ̀ yín: gáìdì ni kí ẹ kọ́kọ́ dárúkọ, torí pé àárín rẹ̀ ni onílééìtì fi ń wọn ojú síìtì tó fẹ́ gé. Kí ẹ sì sọ ọ́ yékéyéké fún un: gáìdì tó fún, síìtì tó le.