Ẹ̀yin tó ń fi ẹ̀rọ ATM kówó sí báńkì l'Amẹ́ríkà, ẹ má gé owó ọjà yín sí wẹ́wẹ́

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló ń ṣe òwò kéékèèké l'Amẹ́ríkà. Àwọn kan ń ta èlùbọ́ àti epo pupa ní Houston, àwọn mìíràn ń dirun ní Maryland, owó bébà sì ṣì pọ̀ nínú ohun tí oníbàárà ń san fún wọn. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí báńkì ti tilẹ̀kùn, ìdí ẹ̀rọ ATM ni wọ́n ń kó owó ọjà lọ, nítorí pé ẹ̀rọ yìí ń gba owó tọ̀sán-tòru. Àmọ́ ọ̀nà téèyàn gbà kó owó sínú ẹ̀rọ yìí lè di ẹjọ́ sí i lọ́rùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òógùn ojú rẹ̀ ló fi rí owó ọ̀hún.

Lílo ẹ̀rọ náà kò le. Ẹ̀rọ báńkì téèyàn ní àkáǹtì sí ló yẹ kó lò, torí pé ẹ̀rọ báńkì mìíràn lè sanwó fún un, ṣùgbọ́n kì í sábà gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Dọ́là nìkan ni kó kó sí i, kì í ṣe náírà tàbí pọ́n-ùn. Kó yọ rọ́bà àti píìnì kúrò lára owó, kó sì tẹ́ èyí tó bá ká. Ẹ̀rọ yóò ka owó náà, yóò gbé iye rẹ̀ sójú, yóò sì béèrè bóyá ó pé. Bí iye náà kò bá bá èyí tó kà lọ́wọ́ mu, kó má ṣe gbà pé ó pé. Kó ní kí ẹ̀rọ dá owó òun padà.

Ibi tí wàhálà wà ni iye owó. Òfin kan tó ń jẹ́ Bank Secrecy Act, tí wọ́n ṣe ní 1970, ló bí ìlànà pé bí owó bébà tí ẹnì kan kó sí báńkì lọ́jọ́ kan bá ti ju $10,000 lọ, báńkì gbọ́dọ̀ kọ̀wé ránṣẹ́ sí ìjọba àpapọ̀. Ìwé yìí kì í ṣe owó orí, kì í sì í ṣe ẹ̀sùn. Báńkì ló ń kọ ọ́, bó bá sì ti kọ ọ́ tán, oníṣòwò yóò máa bá òwò rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n àwọn kan ń bẹ̀rù ìwé yìí. Wọn yóò pín $18,000 sí méjì, wọn yóò kó $9,000 lónìí, wọn yóò sì kó $9,000 lọ́la, kí báńkì má bàa kọ̀wé. Ohun tí òfin kọ̀ gan-an nìyẹn. Láti 1986 ni pípín owó lọ́nà bẹ́ẹ̀ ti di ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbéni lọ sẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún, ìbáà jẹ́ owó mímọ́. Yorùbá ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ìwé báńkì ni làpálàpá, ẹ̀wọ̀n ni ẹ̀tẹ̀.

"N kò mọ̀" kò sì ṣeé fi gbèjà ara ẹni mọ́. Nínú ẹjọ́ Ratzlaf, ọkùnrin kan jẹ gbèsè tẹ́tẹ́ ní Nevada, ó sì ń ti báńkì kan bọ́ sí òmíràn láti gba ìwé owó tí kò tó $10,000. Ní 1994, ilé ẹjọ́ tó ga jù l'Amẹ́ríkà sọ pé ìjọba gbọ́dọ̀ fi hàn pé ó mọ̀ pé ohun tóun ń ṣe lòdì sófin. Kí ọdún náà tó parí, àwọn aṣòfin ti yí òfin padà. Bí ìjọba bá ti fi hàn pé torí kí báńkì má bàa kọ̀wé lèèyàn ṣe pín owó, ó tó.

Ẹlòmíràn lè rò pé ẹ̀rọ kò lójú bíi kàṣíà. Kó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọsirélíà. Ní 2012, Commonwealth Bank ibẹ̀ gbé ẹ̀rọ tuntun jáde tó lè gba bébà owó 200 lẹ́ẹ̀kan. Ó lé ní ìgbà 53,000 tí wọ́n kó owó ńlá sínú àwọn ẹ̀rọ náà tí báńkì kò fi tó ìjọba létí lásìkò. Wọ́n gbé báńkì náà lọ sílé ẹjọ́ ní 2017, ní 2018 ó sì san ìtanràn mílíọ̀nù 700 dọ́là ilẹ̀ náà. Kò sí báńkì tí yóò fẹ́ kí irú rẹ̀ ṣe òun. L'Amẹ́ríkà náà, báńkì gbọ́dọ̀ ro gbogbo owó tí wọ́n bá mọ̀ pé ẹnì kan kó wá lọ́jọ́ kan pọ̀, ti ẹ̀rọ àti ti kàṣíà. Bí ìṣesí rẹ̀ bá sì mú ìfura wá, wọ́n lè fẹjọ́ sùn láì jẹ́ kó mọ̀.

Èyí kò ní kí oníṣòwò máa gbọ̀n. Ẹni tó pa $8,000 lójúmọ́, tó ń kó o sí báńkì lójúmọ́, kò dẹ́ṣẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò gba gbogbo bébà lẹ́ẹ̀kan, tó kó o lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan náà, kò dẹ́ṣẹ̀. Ìdí téèyàn fi pín owó ni òfin ń wò. Òfin ọdún 2019 tilẹ̀ sọ pé àwọn agbowó-orí ìjọba àpapọ̀ kò gbọdọ̀ gbẹ́sẹ̀ lé owó torí pé wọ́n pín in nìkan, àfi bó bá ti ọ̀nà àìtọ́ wá tàbí tí wọ́n fi ń bo ìwà ọ̀daràn mìíràn. Àmọ́ pípín náà ṣì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀.

Ẹni tó bá gbé owó tó ju $10,000 wọ Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún kọ́sítọ́ọ̀mù. Wọn kì í gba owó orí lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n lè gba ti ẹni tó bá fi í pamọ́. Kí oníṣòwò má sì gba owó ẹlòmíràn sínú àkáǹtì rẹ̀ kó tún máa fi ránṣẹ́ sílé fún wọn. Ẹni tó bá sọ èyí di òwò láìgba ìwé àṣẹ lè ṣẹ̀wọ̀n fún un.

Bí ẹ̀rọ bá gbé owó mì, kó kọ àkókò, ibi tí ẹ̀rọ wà àti iye owó sílẹ̀, kó sì pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Òfin ọdún 1978 tó ń dáàbò bo àkáǹtì ara ẹni nínú irú ọ̀ràn yìí kò kan àkáǹtì iléeṣẹ́. Àdéhùn tóun àti báńkì jọ tọwọ́ bọ̀ ni wọn yóò wò. Nítorí náà, kó ka àdéhùn náà, kó tọ́jú rìsíìtì ẹ̀rọ pẹ̀lú ìwé ọjà tó tà lọ́jọ́ náà, kó sì kó owó rẹ̀ sí báńkì bó ṣe wọlé.