Ẹ̀KỌ́: ẸNU ỌMỌDÉ NÍ ÌGBÀ OGUN

Ibi Kíkà: Matiu 25:31–40

Ète: Kí á mọ̀ pé ìyá ni olùtọ́jú eyín àkọ́kọ́ fún ọmọ.

Àwa ará Òjó mọ bárékè àwọn ológun dáadáa. Bí a bá gbọ́ ogun, ìbọn ni ọkàn wa máa ń lọ sí. Lónìí, ẹ jẹ́ kí á wo ẹnu ọmọdé.

1. Ogun tí ó mú ṣúgà kúrò. Ní January 1940, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ṣúgà fún olúkúlùkù. Ní Norway pẹ̀lú, ṣúgà di ọ̀wọ́n, eyín jíjẹrà sì dínkù púpọ̀ lẹ́nu àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ohun tí wọ́n ń jẹ ni ó yí padà.

2. Ogun tí ó mú ebi wá. Nínú ogun kan náà, àrùn nómà tún yọ lára àwọn ọmọ tí ebi ń pa ní àgọ́ ìfìyàjẹni àwọn Násì, bẹ́ẹ̀ ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní Yúróòpù. Àwa náà rántí ebi tí ó pa àwọn ọmọ nínú ogun abẹ́lé wa, 1967 sí 1970. Ọmọ ọdún 2 sí 6 tí kò jẹun kánú, tàbí tí èéyi ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, ni nómà sábà máa ń mú. Èrìgì á di egbò, ẹnu á máa rùn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wú. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ àrùn náà á máa jẹ ẹran àti egungun ojú. Láìsí ìtọ́jú, ó lè pa 9 nínú ọmọ 10. Kì í ràn, kì í sì í ṣe èpè. Bí a bá tètè dé ilé ìwòsàn, oògùn tí ń pa kòkòrò àti oúnjẹ gidi lè wò ó sàn. Ilé ìwòsàn nómà wà ní Sókótó láti 1999. Ní December 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á mọ́ àwọn àrùn tí a pa tì.

3. Àwa ńkọ́? Nígbà tí mo ń kọ́ kíláàsì kìíní, ọmọ kan máa ń fọwọ́ lérán láràárọ̀. Mo pè é ní ọ̀lẹ. Eyín ni ó ń dùn ún! N kò bi í léèrè. Ó ṣì ń dùn mí.

Nítorí náà:
(a) Ẹ dín súìtì, bisikíìtì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò kù. Ẹ fún ọmọ ní ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti èso.
(b) Ẹ bá a fọ eyín láàárọ̀ àti lálẹ́.
(d) Ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi fún un.
(e) Bí ẹbí tí ogun lé kúrò nílé bá dé sí Ìbà tàbí Okokomaiko, ẹ fún wọn lóúnjẹ, kí ẹ sì wo ẹnu àwọn ọmọ wọn. Bí èrìgì bá di egbò, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìbéèrè: Nígbà wo ni o yẹ ẹnu ọmọ rẹ wò gbẹ̀yìn?

Àdúrà: Olúwa, là wá lójú sí ìrora àwọn ọmọ kékeré. Àmín.